Onígìtá Tó Kọ́kọ́ Gba Ohùn Sílẹ̀ ní Sókótó: Ohun Tí Ẹ Sọ Nípa Awo Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ alẹ́ Àìkú. Ohùn márùn-ún ni. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e àti fún àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano, ní Katsina, ní Gusau, ní Birnin Kebbi, ẹ̀yin ará Jos, ẹ̀yin ti Maiduguri lọ́hùn-ún, gbogbo yín pátá ni mo kí. Ṣé ohùn mi ń dún dáadáa? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń pariwo lẹ́yìn yẹn, ẹ bá mi fara dà á.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi orin mẹ́rin ránṣẹ́ síbí, mo ní kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sọ bó ṣe rí létí yín. Mo rò pé èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló máa dáhùn. Háà! Àfi bíi pé mo da iyanrìn sínú gààrí. Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ bú mi, ẹ bú olórin, ẹ bú ara yín. Alákòóso ẹgbẹ́ wá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí n bá yín sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, torí pé ó ti fẹ́ di ìjà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn ní alẹ́ yìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ máa mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tí olórin náà jẹ́, nítorí àwọn tó wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Mdou Moctar ni wọ́n ń pè é. Mahamadou Souleymane ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ orílẹ̀-èdè Niger ni, Tchintabaraden ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà Illela, ẹ mọ ọ̀nà yẹn. Tí ẹ bá jáde ní Sókótó, ẹ ó dé Illela, ẹ ó sọdá sí Konni, ẹ ó gba Tahoua kọjá, kí ẹ tó kan Tchintabaraden níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju ilé lọ. Agadez ló fi ṣe ibùjókòó báyìí. Tuareg ni, àwọn tí Hausa ń pè ní Buzu tàbí Azbinawa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn orúkọ Buzu yẹn o, ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń pè wọ́n lójú wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wé láwàní bo imú àti ẹnu, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọlọ́rọ̀ níbí.

Ẹni mẹ́rin ni báńdì náà. Mdou ló ń ta gìtá àgbà. Ahmoudou Madassane ń ta gìtá kejì, Souleymane Ibrahim ń lu ìlù, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mikey Coltun ló di bàsì mú, òun náà ló sì ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀. New York ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé awo wọn jáde wà, Matador ni orúkọ rẹ̀. Àwọn báńdì rọ́ọ̀kì tó dá dúró, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní indie, ni ilé-iṣẹ́ yẹn fi lórúkọ.

Ẹnìkan bi mí pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé orin ti tán nílẹ̀ Yorùbá ni, tí o fi ń kó orin Buzu wá bá wa?" Ìdáhùn mi nìyí. Awo tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ̀, tó ń jẹ́ Anar, Sókótó níbí ló ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ní 2008. Èmi sì wà ní Sókótó nígbà yẹn. Fóònù ni mo ń tà, mo ṣì ń tà á.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yóò rántí ayé ìgbà náà. Íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Mẹ́mọ́rì kádì ni rédíò wa. Ọmọkùnrin kan á gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kalẹ̀ lábẹ́ agbòjò, á so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, orin á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: orin fíìmù Hausa, orin Íńdíà, Pasuma, wáàsí, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ orin á gbé kádì wá, á san ogún náírà, ọgbọ̀n náírà, á máa lọ. Awakọ̀ tírélà á gbé e dé Konni, ẹni tó bá bá a pàdé níbẹ̀ á fi Blútùùtù gbà á, ìyẹn á gbé e dé Agadez. Bẹ́ẹ̀ ni orin Anar ṣe rìn. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó tà á, kò sí rédíò tó gbé e káàkiri. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn awakọ̀ ló gbà kọjá, irú àwa yìí náà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Christopher Kirkley, tó ń ṣa orin inú fóònù jọ káàkiri aṣálẹ̀, ló gbọ́ ọ, tó wá a kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà òkè òkun ti là fún un. Wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe fíìmù ní 2015, wọ́n fi júbà fíìmù Prince, Purple Rain. Ẹ gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: èdè Tamasheq kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún àwọ̀ yẹn, ni wọ́n bá pe àkọlé fíìmù náà ní òjò aláwọ̀ búlúù tí pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwa ní àlùkò tiwa o. A ti jù wọ́n lọ níbẹ̀ yẹn.

Ohùn kejì

Mo ti padà dé. Iná ló lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Awo àkọ́kọ́ tí mo mú orin méjì nínú rẹ̀ ni Funeral for Justice, tó jáde ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2024. Ìsìnkú ìdájọ́ òdodo ni ká pè é. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Gìtá oníná ni, ó le, ó yára, ariwo rẹ̀ pọ̀. Awo kejì ni Tears of Injustice, tó jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025, ìyẹn ni ẹkún ìwà àìṣòdodo. Ohun tí mi ò sọ fún yín nígbà yẹn, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ni pé orin kan náà ló wà nínú awo méjèèjì! Wọ́n kàn jókòó, wọ́n gbé gìtá tí kò lo iná, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ni pé orin méjì péré ni mo fi ránṣẹ́, lọ́nà méjì.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ sọ. Bàbá wa kan ní Kaduna ní orin àkọ́kọ́ kò ní làákàyè, pé orin kẹta ni ti ọmọlúwàbí. Bàbá, orin kan náà ni o! Ìyá wa tó ń ta lèèsì ní Katsina ní òun fẹ́ràn kejì, kẹrin ń mú oorun wá. Orin kan náà ni, ìyá mi. Èèyàn méjì péré nínú gbogbo yín ló fura. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ogún ọdún tó ń tún fóònù ṣe ní Jos, ìkejì sì ni bàbá wa onípánù tó ti ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú rí ní Ọ̀yọ́ kó tó wá sí òkè Ọya. Etí méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi ṣe atọ́nà.

Bàbá onípánù ní ẹ má fetí sí gìtá ọ̀gá, ẹ fetí sí ìkejì. Ó ní gìtá Madassane ló ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo, tó ń tún un sọ, tó ń tún un sọ, bí ẹni tó ń ro ọkà, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ọ̀gá ráyè ṣe were. Ó ní ohun tí àwọn ń ṣe nínú jùjú náà nìyẹn. Gìtá mẹ́rin, márùn-ún, kálukú di ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sọ. Ó rán wa létí pé nígbà tí Island gbé Juju Music ti Sunny Adé jáde ní 1982, àwọn òyìnbó náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, àfi gìtá àti gángan, wọ́n sì jó o. Mo tún orin náà gbọ́ lẹ́yìn tó sọ èyí, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ fi íyápíìsì sétí méjèèjì.

Àwọn òyìnbó, ní tiwọn, Jimi Hendrix ni wọ́n máa ń fi í wé, àti Eddie Van Halen. Ọwọ́ òsì ni Hendrix fi ń ta gìtá, ọwọ́ òsì ni Mdou náà fi ń ta á. Ìyá wa kan ní Gusau gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ ò ri pé mo sọ ọ́! Ẹni tó ń fi òsì bá àgbà sọ̀rọ̀!" A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé gìtá tó kọ́kọ́ ní, òun fúnra rẹ̀ ló fi pákó kàn án, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe okùn rẹ̀, torí pé àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó kọrin, ti ẹ̀sìn ni wọ́n wò. Àwa tí a bí ọmọ sínú ilé Àlùfáà àti ilé Pásítọ̀ mọ ìjà yẹn.

Èsì tó dùn mọ́ mi jù nínú ohùn kejì yìí ni ti ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta spare parts ní Kano. Ó ní orin náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn ti lè náwó nínú ẹ̀. "Kò ki ẹnikẹ́ni. Kò pe bàbá ẹnikẹ́ni. Tí mo bá pè é sí òde, níbo ni màá ti dìde?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, àríwísí gidi ni. Ọmọ Yorùbá máa ń fẹ́ kí orin mọ òun. Ohun tí mo lè sọ ni pé olórin yìí ń kì, àmọ́ gbogbo ẹ̀yà kan ló ń kì pọ̀, kì í ṣe aláṣọ àrán tó jókòó níwájú. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Ó ní owó ẹ̀yà kì í jáde lápò.

Ohùn kẹta

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ awo kejì, torí òun ló mú ọ̀rọ̀ wọlé wá bá wa.

Ọjọ́ 26 oṣù keje 2023 ni àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Báńdì yìí wà lórí ìrìn-àjò orin ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ibodè tì, bàálù kò bà mọ́, wọn ò lè padà sọ́dọ̀ ìyàwó àtọmọ. Àwọn olólùfẹ́ wọn dá owó fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè rí ibi gbé. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti parí awo oníná, kò tíì jáde. Wọ́n wá lọ jókòó ní New York, wọ́n fi gìtá lásán tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àṣà ni wọ́n fi ń dá. Bí ara wọn ṣe rí nígbà yẹn ló wà nínú ẹ̀.

Ní tiwa, ibodè Nàìjíríà àti Niger tì ní ìparí oṣù keje yẹn kan náà, kò ṣí títí di oṣù kẹta 2024. Mi ò ní kó ìtàn oṣù méje yẹn jọ fún yín, ẹ wà níbẹ̀. Àlùbọ́sà Galmi tó jẹrà nínú ọkọ̀. Ẹ̀wà tó gbówó lórí. Àwọn tí ọjà wọn wà ní Maradi tí wọn ò lè dé ìdí ẹ̀ láti Jibiya.

Ìyá wa aláǹlùbọ́sà ní Illela, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, tó jẹ́ pé àmì ọwọ́ ìṣọpẹ́ nìkan ló máa ń fi síbí, fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun kò mọ gìtá, òun kò gbọ́ èdè náà. Ṣùgbọ́n ó ní orin kẹta yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó ti ọjà tí kò lè tà, tí kò sì lè dà nù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Zaria ní òun ò gbọ́ ẹkún kankan níbẹ̀, pé ìbínú tó ti rẹ̀ lòun gbọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì sí i nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi rò pé ti ìyá ló tọ̀nà fún orin àkọlé, ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló tọ̀nà fún Imouhar.

Awakọ̀ wa kan wá bínú. Ó ní, "Olórin há sí Amẹ́ríkà, wọ́n dáwó fún un. Nígbà tí ọkọ̀ mi há sí Illela fún oṣù méjì, ta ló dáwó fún mi?" Ilẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀ nínú ẹgbẹ́. Èèyàn kan ló wá kọ ọ́ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹgbẹ́ yìí ni. Ẹ wo oṣù kẹsàn-án." Akápò yọ ojú ìwé náà jáde, orúkọ mẹ́tàlélógún ló wà lórí ẹ̀. Awakọ̀ wa tọrọ gáfárà, ó ní gbèsè ló ń dà òun láàmú, kì í ṣe olórin.

Àwọn Tuareg ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe irú orin gìtá yìí: assouf. Àárò ni. Àárò ilé, àárò èèyàn, ìdánìkanwà inú aṣálẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan yẹn kó. Ó sì ní ìdí. Orin yìí kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ọ̀dá ńlá àwọn ọdún 1970 ló pa ẹran wọn, tó lé àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Àlùjéríà àti Líbíà láti wáṣẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí gìtá. Ẹgbẹ́ Tinariwen, àwọn tó gba ọ̀nà yìí ṣíwájú, ní Tamanrasset ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní 1979, àwọn náà ló sì gba Grammy ní 2012. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ yẹn ni ishumar, ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí aláìríṣẹ́ṣe. Orin àwọn tó jáde nílé lọ wá owó ni. Ìdí tí mo fi gbé e síbí nìyẹn, kì í ṣe torí Buzu.

Ṣáájú gìtá, àwọn obìnrin wọn ló ni ìlù. Odó ni wọ́n ń fi awọ ewúrẹ́ bò, odó tí wọ́n fi ń gún ọkà, wọ́n á máa lù ú, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Tende ni wọ́n ń pè é. Ẹ tún orin kejì gbọ́, ẹ ó gbọ́ pé ìrìn odó yẹn ló ṣì wà nísàlẹ̀, bó ti wù kí gìtá pariwo tó.

Ohùn kẹrin

Ìjà ló kù báyìí.

Bàbá wa kan ní Minna, ẹni àpọ́nlé, ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún nílẹ̀ yìí, kọ ọ́ pé kí n yọ àwọn orin náà kúrò. Wọ́n ní, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Wọ́n ní orin tó ń bú ìjọba kò yẹ kó jáde látinú fóònù ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú ẹlòmíràn. Wọ́n ní gìtá Tuareg ti bá ọlọ̀tẹ̀ rìn rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ o. Ogun ọlọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg jà ní Niger láàárín ọdún 1990 sí 1995, ó tún jà láti 2007 dé 2009. Orin gìtá ló ń gbé ìròyìn àti ìgboyà kiri nínú àgọ́ wọn. Ìlú Tchintabaraden yẹn gan-an, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ti pa ọ̀pọ̀ Tuareg ní 1990. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní béèrè ìdí tí gìtá ọmọ ìlú náà fi ń kígbe.

Àwọn ọ̀dọ́ fèsì sí bàbá, àwọn kan kò fi ọ̀wọ̀ sí i, èyí kò dáa. Ní tèmi, mo wo ohun tí awo náà ń sọ. Ó ń bá àwọn olórí Áfíríkà wí pé kí wọ́n jí. Ó ń bá Faransé wí lórí ohun tó ṣe ní Niger. Ó ń bá àwọn èèyàn tirẹ̀ wí lórí èdè wọn. Kò sí ẹni tó gbà wá sílé níbí tó bú. Nítorí náà, mi ò ní yọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gba ohun kan nínú ọ̀rọ̀ bàbá, mo sì bẹ̀ yín: ẹ má gbé e sórí láúdsípíkà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe torí pé orin náà burú. Ẹni tó ń kọjá lọ kò ní dúró gbọ́ àlàyé yín, ariwo nìkan ló máa gbé lọ. Ẹ̀yin tí ọjọ́ rògbòdìyàn ti bá lójú ọjà rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Etí ni íyápíìsì wà fún.

Orin tí wọ́n ń pè ní Imouhar, òun ló kan wá jù. Ó ń pe àwọn Tuareg pé kí wọ́n di Tamasheq mú kó má bàa kú. Èdè náà ní lẹ́tà tirẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀, Tifinagh, ṣùgbọ́n àwọn tó lè kọ ọ́ kò pọ̀ mọ́.

Ìyá kan níbí, ní Sókótó, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Ó ń gbọ́ orin náà nígbà tó ń dáná, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án bi í ní Hausa pé kí ni ọkùnrin yìí ń sọ. Ó ní ó ń sọ pé kí èèyàn má sọ èdè rẹ̀ nù. Ọmọ náà ní, "Wane yare?" Èdè wo? Ìyá náà ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ, torí pé Hausa lòun náà fi ń dá ọmọ náà lóhùn.

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn ohùn yẹn, ẹ tú jáde bí èèrà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ sílé ní Ọdún Iléyá, tí kò lè kí ìyá bàbá rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń pe àgbà ní "ìwọ". Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bi í lórí fóònù pé, "Ṣé ẹ̀ ń bí wọn fún mi ni àbí ẹ̀ ń bí wọn fún ọjà?" Mo ka ìyẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Kano dá dúró sí ìhà kejì, kò sì bẹ̀rù. Ó ní Hausa ló ń tajà níbí, Yorùbá kò lè bá ọmọ òun ná ọjà Sabon Gari, pé kí ẹ má di ẹrù kún ẹrù fún ọmọdé tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé tó tún ń kọ́ Lárúbáwá nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ẹni tó bá ní irọ́ ni kò tíì tajà rí. Àmọ́ mo fẹ́ kó wo ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Hausa pọ̀ ní Niger ju Tamasheq lọ fíìfíì. Faransé ni wọ́n ń kọ́ níléèwé. Tamasheq ló fi ń kọrin. Àwọn tó ń san owó ìwọlé ní New York kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì ń sanwó. Ẹ̀gbọ́n dá mi lóhùn pé gìtá ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe èdè. Mi ò tíì rí èsì fún un. Tí ẹnikẹ́ni bá ní èsì, kó fi ránṣẹ́ tààrà sí i, kó má gbà ọ̀dọ̀ mi.

Ìyá ọlọ́mọ yẹn ní tirẹ̀ ti ní pálọ̀ òun ṣí sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, aago mẹ́rin sí mẹ́fà, fún àwọn ọmọ tó wà nítòsí. Ó ń wá ẹni tó ní ìwé Aláwìíyé, bó ti wù kó gbó tó. Ọmọ méje ló ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ bá alákòóso sọ̀rọ̀ fún àdírẹ́sì.

Ohùn karùn-ún

Ìbéèrè tó kù, kíá kíá, bátìrì mi ti ń pupa.

Ẹni tó béèrè pé ṣé olórin náà rí kọ́bọ̀ kan nínú gbogbo orin tí wọ́n fi kádì tà ní 2008. Owó ogún náírà yẹn, ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ló ń gbà á, owó iṣẹ́ àti epo jẹnẹrétọ̀ ni. Kò sí ọ̀nà kankan tó fi lè dé ọ̀dọ̀ olórin. Ohun tí kádì fún un ni òkìkí, òkìkí yẹn sì ló mú òyìnbó wá a kàn. Ẹ̀yin kan ní ìrẹ́jẹ ni, ẹ̀yin kan ní ìpolówó ọ̀fẹ́ ni. Èmi rò pé méjèèjì ló jẹ́, ó sì sàn kí ọ̀dọ́ tó ń kọrin láàárín wa báyìí mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó béèrè èwo ló yẹ kí òun rà nínú méjèèjì. Tí o bá ń wakọ̀ òru, ra ti oníná, oorun kò ní kùn ọ́. Tí o bá wà nílé, ra ti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ Jos wa, atọ́nà mi kejì, ní ti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lòun yàn torí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbọ́ ìka lórí okùn. Bàbá onípánù ní ti oníná, ó ní gìtá tí kò bú sẹ́kún kò tíì jí. Wọ́n ṣì ń jà á níkọ̀kọ̀.

Ohun tí èmi ń wá ni ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Sókótó, Illela, Jibiya tàbí Kano láti nǹkan bí ọdún 2008 sí 2010, tí ẹ ní fóònù àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ bá mi wo mẹ́mọ́rì kádì inú rẹ̀. Anar tí a gbọ́ nígbà yẹn, èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yí ohùn rẹ̀ padà bí orin fíìmù Hausa, mo fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe wà nínú kádì gan-an, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà kọ sí i. Ẹ má fi Blútùùtù fà á. Ẹ yọ kádì náà, ẹ dì í sínú bébà, ẹ fi rán ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Sókótó, màá san owó awakọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó dàárọ̀ o.